BÍ ÌBÒ KÒ BÁ GBÈ WÁ: ǸJẸ́ ÌRÈTÍ ṢÌ WÀ?

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn: ìbò tí a dì tí ẹni tí a fẹ́ kò wọlé. Lẹ́yìn irú ìbò bẹ́ẹ̀, a rí ọ̀dọ́ tó sọ káàdì ìdìbò rẹ̀ sórí ààtàn. A sì rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń jókòó lórí ẹní kan níbi ìpàdé wa, tí wọn kò kí ara wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu wọn: "A kò ní dìbò mọ́ láyé." Ṣé ọ̀rọ̀ yìí tọ̀nà? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. A kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, nítorí ìhà méjèèjì ló tọ́ ìjákulẹ̀ wò níbẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018, Adémọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ PDP fi ìbò 353 ṣíwájú Gbóyèga Oyètọ́lá ti ẹgbẹ́ APC. Àmọ́ àjọ INEC sọ pé ìbò kò tíì parí, nítorí wọ́n ti wọ́gi lé ìbò ní àwọn ibùdó kan. Wọ́n tún ìbò dì ní ibùdó 7 ní ọjọ́ 27 oṣù náà. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, Oyètọ́lá ní 255,505, Adélékè ní 255,023. Ìbò 482 péré ni ìyàtọ̀! Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, Oyètọ́lá ni wọ́n sì dá a láre ní oṣù Keje ọdún 2019.

Àwọn kan sunkún, wọ́n ní ó parí. Ṣé ó parí lóòótọ́? Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, ọdún 2022, àwọn méjèèjì tún pàdé. Adélékè ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Ẹkún wá kúrò ní ilé kan, ó kọjá sí ìkejì. Síbẹ̀, ọdún 2023 kò tíì parí tí Oyètọ́lá fi di mínísítà ìjọba àpapọ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkínní: Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ọdún mẹ́rin ni òfin fún gómìnà kí ó tó tún padà wá síwájú aráàlú. Kò sí ẹni tí a fún ní àga náà títí ayé.

Èkejì: Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn. Ní ọdún 2018, àwọn tó dìbò l'Ọ́ṣun kò tó ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó ń lọ síbi ìgbéyàwó kan ṣoṣo lè ju 482 lọ. Nítorí náà, ẹni tó sọ pé ìbò òun kò já mọ́ nǹkan, kí ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Àwọn tó jókòó sílé ni ìrètí wa, bí a bá lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta: Ohun tó wọ́ ṣeé tún ṣe. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí òfin ìdìbò tuntun. Ẹ̀rọ BVAS, tó ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀, ni wọ́n lò l'Ọ́ṣun lọ́dún náà. Wàhálà kò tán pátápátá, ilé ẹjọ́ ṣì gbọ́ ẹjọ́ lórí ẹ̀rọ náà. Àmọ́ bí gbogbo èèyàn bá ti dákẹ́ ni, òfin náà kì bá má yí padà.

A gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé kádàrà ni, wọ́n sì káwọ́ lẹ́rán. Àgbẹ̀ tí ọ̀dá pa oko rẹ̀ gba kádàrà, ṣùgbọ́n kì í torí rẹ̀ ju ọkọ́ àti àdá nù. Ìrètí tí à ń sọ kì í ṣe ìlérí pé ẹni wa yóò wọlé lọ́jọ́ iwájú. Ó lè tún já sí òdì. Ìrètí ni pé ilẹ̀kùn kò tì, ọwọ́ wa kò sì rọ.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Kí a lọ kí ọ̀rẹ́ tó dìbò fún ẹlòmíràn; ìlú kan náà ni a jọ ń gbé. Kí a tọ́jú káàdì ìdìbò wa. Kí a máa rán ẹni tó wọlé létí ìlérí rẹ̀, yálà àwa ni a yàn án tàbí a kò yàn án. Kí a má sì gbàgbé ìbò káńsẹ́lọ̀, nítorí ọ̀nà àdúgbò àti ọjà wa wà lọ́wọ́ àwọn náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ta ni nínú ilé wa tí kò dìbò rí, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Ọ̀rẹ́ wo ni ìbò yà wá, báwo ni a ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìkíni náà?

Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù àti agbára láti ṣiṣẹ́. Àmín.