Bí Olórí Ṣe Ń Kó Ènìyàn Jọ Tí Iṣẹ́ Fi Ń Yọrí

 

Ẹ̀kọ́ wa lẹ́ẹ̀kan yìí dá lórí olórí àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ pọ̀ ní Òkè-Ògùn wa yìí tó jẹ́ pé alága nìkan ló mọ ibi tí ìwé wà, òun nìkan ló mọ ẹni tó ti san owó àti ẹni tí kò tíì san. Bí alága bá ti gbéra lọ sí Mẹ́kà, ẹgbẹ́ sùn nìyẹn. Ọmọ òrukàn tí wọ́n lé wá sílé nítorí owó ìwé kò sì lè dúró títí alága yóò fi dé.

Ẹni tó bá mọ Ìṣẹ́yìn yóò mọ̀ pé aṣọ òfì kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan ń ká òwú, ẹlòmíràn ń ta á, ahunṣọ jókòó ti òfì, ó ń ju ọ̀kọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó ń hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni télọ̀ yóò tó rán an pọ̀ di agbádá tàbí ìró. Bí ọ̀gá bá ní òun nìkan ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀, aṣọ ìyàwó kò ní bá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọ̀gá tó gbọ́n mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá níbi òwú kíká, ó mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gún níbi híhun, ó sì ń wo iṣẹ́ nígbà tó ṣì wà lórí òfì, kì í ṣe ìgbà tí oníbàárà bá dá a padà.

Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n lò fún iṣẹ́ kan tó tóbi ju òfì lọ, tó sì kan gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. A kì í ṣe olóṣèlú, a kò sì kọ èyí láti fi polongo ẹgbẹ́ kankan. Ní oṣù kẹta ọdún 1950, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ní ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìjọba kò tíì sí lọ́wọ́ wọn rárá. Síbẹ̀ wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: ẹnì kan lọ kọ èrò sílẹ̀ lórí ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn lórí ìlera, ẹlòmíràn lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpàdé. Nígbà tí wọ́n fi fi ẹgbẹ́ Action Group han gbogbo ayé ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1951, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ọdún 1952 ni wọ́n gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tí wọ́n fi ṣe mínísítà ẹ̀kọ́ ni S. O. Awókọ̀yà, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Olùkọ́ ni wọ́n fi sídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ kíyè sí i, nítorí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti lówó ni wọ́n ń fi joyè gbogbo. Ní oṣù keje ọdún náà, Awókọ̀yà gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá síwájú ilé ìgbìmọ̀. Wọn kò ṣí ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì o. Ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n ń kọ́ yàrá ìkàwé, tí wọ́n sì ń wá owó. Owó yẹn dá wàhálà sílẹ̀. Ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní kí àwọn tó ń san owó orí san fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, àwọn ènìyàn kùn gan-an, ẹgbẹ́ NCNC sì borí wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1954. Olórí mìíràn ìbá ti di ẹ̀bi náà ru mínísítà, kí ó sì pa ètò náà tì. Wọ́n kò jáwọ́.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilé-ìwé ṣí. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 457,000 ní ọdún 1954. Ní 1955 wọ́n lé ní 811,000. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣakí, Òkèhò àti Ìgbòho, ìgbà náà ni ọmọ kọ́kọ́ mú síléètì lọ́wọ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú ọmọ olóko tábà. Kì í ṣe pé kò ní àléébù: yàrá kún jù, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò tíì gbówọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wù wá jù nínú ìtàn náà ni pé Awókọ̀yà fúnra rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1956, síbẹ̀ ilé-ìwé kò tì. Iṣẹ́ náà ti wà nínú ìwé, ó sì ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ohun kan wà tí àwọn olórí máa ń fojú fò. Súrátú Taobah, áyà 60, ka àwọn òṣìṣẹ́ sàká mọ́ ẹni mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Ìyẹn ni pé Ọlọ́hun kò ní kí òṣìṣẹ́ máa ná owó ara rẹ̀ títí yóò fi sú u. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà láti Ṣakí lọ sí Àgọ́-Àmọ̀dù láti wo ọmọ òrukàn wò, tí kò rí owó epo gbà, yóò lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kò ní rí i lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn kan á ní kò ní ìgbàgbọ́. Owó epo ni kò ní.

Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ìgbìmọ̀ àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ẹni méjì méjì wá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: gbígba sàká, ṣíṣe àbẹ̀wò sí àwọn ọmọ òrukàn, sísan owó ilé-ìwé. Bí ẹnì kan kò bá sí nílé, kí èkejì mọ ibi tí ó bá iṣẹ́ dé. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akápò, kí alága náà sì mú tirẹ̀ dání.