Kí Ni Serena Fẹ̀yìn Tì?

Ọmọbìnrin kan nínú agbolé wa ní Aboabo, ní Kumasi, kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún Serena Williams, àyànfẹ́ rẹ̀ nínú eré tẹ́ńìsì. Ó gbé e wá kí n bá òun yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kà báyìí: "Serena ti ṣe ritaya."

Mo mọ ibi tó ti rí i. Haúsá ni èdè tí gbogbo ará zongo, àdúgbò àwọn àlejò bíi Aboabo, gbọ́, Haúsá ló sì yá ritaya lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa Yorùbá ìlú yìí kò pọ̀ tó bá a ṣe wà kí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kúrò ní Gánà. Ọmọ tó bá gbọ́ Yorùbá níbí, ó tó kí a kí i kú iṣẹ́. N kò bá a wí. Mo ní Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì yẹ Serena ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

"Ọ̀rọ̀ wo ni, Bàbá?"

"Fẹ̀yìntì."

Ẹ jẹ́ ká tú u. Fi, ẹ̀yìn, tì: ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló para pọ̀. Ẹ ṣọ́ ohùn orí tì dáadáa. "Màmá fẹ̀yìn ti ògiri": ohùn àárín ni ti ní níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n "Ògiri ni Màmá fẹ̀yìn tì": bí ògiri ti ṣí lọ síwájú, ohùn ìsàlẹ̀ padà. Tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́, a máa ń kọ ọ́ pọ̀: fẹ̀yìntì, ìfẹ̀yìntì, owó ìfẹ̀yìntì. Lẹ́nu iṣẹ́ la sì ti ń fẹ̀yìntì. Ẹni tó bá ní "fẹ̀yìntì láti iṣẹ́", Gẹ̀ẹ́sì ló ń rò lọ́kàn.

Ká má sì fi í pe ohun mìíràn. Ẹni tí iṣẹ́ sú tó sì lọ, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tí ọ̀gá ní kó máa lọ, wọ́n dá a dúró ni. Ìfẹ̀yìntì jẹ́ ti ẹni tó ti ṣiṣẹ́ débi tó yẹ kó sinmi.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, Serena kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Vogue pé òun kò fẹ́ràn "retirement", ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò, rí. Ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tó jẹ mọ́ ìdàgbàsókè. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ènìyàn fà sẹ́yìn. Nínú fẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó sá. Àgbẹ̀ ló ti oko dé, tó jókòó, tó fi ẹ̀yìn kan ògiri tó dúró gbọn-in. Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ náà ń bi olúkúlùkù wa ni pé: ògiri dà?

Ti Serena kò farasin. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó gba ife US Open ní 1999. Ife ńlá Grand Slam 23 ló dá gbà. Èyí tó kẹ́yìn ni ti Ọsirélíà ní oṣù kìíní ọdún 2017, oyún sì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Venus ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá figagbága. Àwọn méjèèjì náà ló jọ gba ife ńlá 14 nínú ìdíje oníméjì-méjì.

Níbi tí ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ ìdíje yìí ni mo ti bá gbólóhùn rẹ̀ mìíràn pàdé: "Serena fàgbà hàn Venus." Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ṣì: "fàgbà han Venus" ni, gẹ́gẹ́ bíi ti "fẹ̀yìn ti ògiri". Àṣà sì tún wà níbẹ̀. Lóòótọ́, a ń sọ pé ẹnì kan fàgbà han ẹlòmíràn lórí pápá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n ẹni, "borí" tutù létí jù.

Serena alára mọ ipò ẹ̀gbọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ní New York, Ajla Tomljanović borí rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí tó lé ní mẹ́ta. Serena dúró níwájú èrò, omijé lójú rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, ó sì ní bí kò bá sí Venus, kò lè sí Serena.

Mo ka ibẹ̀ fún ọmọ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fagi lé gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀, ó sì kọ òmíràn sókè rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé: "Serena ti fẹ̀yìntì lẹ́nu tẹ́ńìsì. Venus ló fẹ̀yìn tì."