Bí Àgbàrá Bá Bo Ọkọ̀: Bí A Ti Í Bèèrè Owó Ìdójútòfò Láìsí Ìpayà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Àwọn ará Ìbàdàn mọ ìtumọ̀ òwe yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gbé ènìyàn, ilé àti ọkọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní ìlú náà.

Ìjà méjì ni ẹni tí omi bá bo ọkọ̀ rẹ̀ ní láti jà: ọ̀kan pẹ̀lú òfò, èkejì pẹ̀lú ìpayà.

Èkíní, kí ó má ṣe ṣáná sí ọkọ̀ náà. Omi tí ó bá wọ inú ẹ́ńjìnnì kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí, irin inú rẹ̀ lè wọ́, ìbàjẹ́ kékeré yóò sì di ńlá. Kí mẹkáníìkì tú wáyà bátìrì.

Èkejì, kí ó ya fọ́tò ọkọ̀ náà yíká, kí ibi tí omi ga dé hàn kedere, kí ó sì kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó wo ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀. Èyí tí òfin sọ di dandan wà fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe ní jàǹbá; kò sanwó fún ọkọ̀ onítọ̀hún tí omi bàjẹ́. Èyí tí ó kún rẹ́rẹ́ ni ó lè san án, bí a bá ka omíyalé mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ mìíràn a máa gba àfikún owó kí ó tó kà á mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò lọ́gán, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Kí ó fi ìwé ọkọ̀, láísẹ́ǹsì awakọ̀, rìsíìtì owó tí ó san àti iye tí mẹkáníìkì bù lé àtúnṣe ránṣẹ́. Kí ó má ṣe tún ọkọ̀ ṣe títí aṣojú ilé-iṣẹ́ náà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti ìpayà, bí àyà bá ń já, kí ó jókòó, kí ó máa mí díẹ̀díẹ̀. Kí ó pín iṣẹ́ náà, ohun kan lóòjọ́, kí ó sì mú ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ dání lọ sí ọ́fíìsì. Ní ọdún 1954, ní Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tí aláìsàn ọpọlọ fi ń gba ìtọ́jú láti inú abúlé, tí ẹbí sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ara ìwòsàn ni ènìyàn jẹ́. Bí oorun bá kọ̀ tí kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ rí dókítà.

Níkẹyìn, kí ó má ṣe buwọ́ lu ìwé ìgbowó kí ó tó kà á tán. Bí wọ́n bá kọ̀ láti sanwó, kí ó béèrè ìdí rẹ̀ ní kíkọ. Ó lè gbé ẹjọ́ náà tọ NAICOM, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso iṣẹ́ ìdójútòfò.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.