Kí Ọmọ Tó Wọ Ọ́fíìsì: Ẹ̀kọ́ Lórí Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ẹ̀kọ́ ti oṣù mẹ́ta yìí, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé ni wọn yóò tún gbé fún mi. Wọ́n ní rárá, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ó tó ìyá mẹ́rin nínú wa tí wọ́n ti bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé: "Tíṣà, ọmọ mi ti jáde ilé ìwé girama, wọ́n ní kí ó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà kí ó lè rí iṣẹ́. Ibo ni kí n mú un lọ?" Èmi náà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí, nítorí náà n kò lè kọ̀.

Ọmọ àbúrò mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Bẹ́yẹrúnkà. Bí ó ti jáde ilé ìwé, mo mú un lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni wọ́n ní, ọmọ mẹ́tàdínlógún ni ó ń pín in lò, iná kì í sì í sábà sí. Wọn a ya àwòrán kọ̀ǹpútà sí ojú pátákó, àwọn ọmọ a máa dà á kọ sínú ìwé. Ní ìparí oṣù kẹta wọ́n fún un ní sátífíkéètì aláràbarà tí ó ní èdìdì pupa. Inú mi dùn, mo fi gíláàsì sí i, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Nígbà tí ó yá, ọ́fíìsì kan pè é fún ìdánwò iṣẹ́. Wọ́n gbé lẹ́tà kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó táípù rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìka kan ni ọmọ yìí fi ń wá lẹ́tà kiri bí adìyẹ tí ń ṣa àgbàdo. Ìlà mẹ́ta péré ni ó rí kọ tí àkókò fi tó. Ó sunkún láti ibẹ̀ dé ilé. Sátífíkéètì náà ṣì wà lára ògiri di òní. Èmi ni n kò jẹ́ kí ó yọ ọ́, kí ojú mi lè máa rí i.

Kí ènìyàn kọ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì kí ó tó wá iṣẹ́ kì í ṣe ohun tuntun ní Ìbàdàn wa yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo Wesley College ní Ẹlẹ́kùrọ́, tí ìjọ wa dá sílẹ̀ ní 1905 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Ní 1927 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, wọ ibẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò, ó sì ṣe tíṣà ní Abẹ́òkúta. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni ó fi ara rẹ̀ kọ́ táípù àti ṣọ́tháǹdì, ìkọ̀wé kíákíá tí Isaac Pitman ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1837. Òun ni ó fi rí iṣẹ́ ní Èkó. Òun náà ni ó gbé e padà sí Wesley College ní 1932, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì, títí di 1934. Bí a bá gbọ́ orúkọ bàbá yìí, òṣèlú àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí òṣèlú tó dé, ìka mẹ́wàá ni ó fi jẹun.

Lóde òní, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí dé ojú àmì lè lọ sí Polytechnic Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970. Secretarial Studies ni àwa mọ ẹ̀kọ́ náà sí tẹ́lẹ̀. Ní 2004 ni ìjọba yí i padà ní àwọn Polytechnic sí Office Technology and Management, kọ̀ǹpútà sì gba àyè tí táípuráítà ń jókòó sí. Ọdún méjì ni ti ND, lẹ́yìn náà ọmọ a lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan níta, kí ó tó padà wá ṣe ọdún méjì ti HND. Èyí tí apá rẹ̀ kò bá ká a lè kọ́kọ́ kọ́ ọ ládùúgbò, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń wá nìyẹn.

Kí ni ó yẹ kí ó kọ́? Ìka ni àkọ́kọ́. Èyí ni àwọn tí ń kọ́ni fi ń ṣeré jù, nítorí pé kò dùn ún kọ́. Bí wọ́n ṣe to lẹ́tà sórí kíbọ́ọ̀dù kò tẹ̀lé a, b, d rárá. Láti ọwọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Christopher Sholes, ni ó ti wá, tí ilé iṣẹ́ Remington ń ta ẹ̀rọ rẹ̀ láti 1874, a kò sì tíì jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìka mẹ́rin ọwọ́ òsì a dúró lórí A, S, D, F. Ti ọwọ́ ọ̀tún a dúró lórí J, K, L àti àmì tí ó tẹ̀lé e. Àtàńpàkò ni a fi ń tẹ àlàfo. Ẹ fọwọ́ kan F àti J dáadáa, ẹ ó rí i pé ohun kan yọ díẹ̀ lára wọn. Ìdí rẹ̀ ni kí ìka lè mọ ilé rẹ̀ láìwò ó. Ìka a jáde lọ tẹ lẹ́tà mìíràn, a sì padà sílé. Ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́rin ní ọjọ́ Sátidé lọ. Nígbà tí kò bá sí iná, èmi a máa fi káádíbọ́ọ̀dù tí mo ya lẹ́tà sí ṣe ìdánrawò lórí itan mi. Mo mọ̀ pé mo ti bú àwọn tí ń ya àwòrán sójú pátákó lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n èmi ń ti orí káádíbọ́ọ̀dù lọ sí ìdí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì ni.

Lẹ́yìn ìka ni lẹ́tà kíkọ nínú Word: ibi tí àdírẹ́sì ń wà, àlàfo tí ó yẹ, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Kí ó sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú iṣẹ́. Bọ́tìnì Ctrl àti S ni a ń tẹ̀ pọ̀. Lọ́dún kan mo ń táípù ètò ìsìn Ìkórè, mo ti dé orí ìdúpẹ́ àwọn ẹgbẹ́, wọ́n mú iná lọ. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, gbogbo iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ. Láti ọjọ́ náà, ìlà mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń tọ́jú, mo sì ń fi ẹ̀dà kan sínú fúláàṣì.

Excel ni ó kù, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin akápò tẹ́tí sí èyí. Ìwé tí a fa ìlà sí ni. Ẹ kọ orúkọ sí òpó A, ẹ fi oṣù kìíní sí òpó B, títí tí oṣù kejìlá fi dé òpó M. Ká ní ₦500 ni owó oṣù wa. Ní òpó N, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àkọ́kọ́ tí ó wà ní ìlà kejì, ẹ kọ =SUM(B2:M2), kí ẹ tẹ Enter. Kọ̀ǹpútà a ṣírò rẹ̀. Bí arábìnrin náà kò bá san ti oṣù kẹrin àti ti oṣù kẹjọ, ₦5,000 ni ẹ ó rí níbẹ̀, kì í ṣe ₦6,000. Bí ó bá mú ₦500 wá lọ́la, ẹ kọ ọ́ sí òpó oṣù kẹrin, àpapọ̀ a yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé ìṣirò owó wa tí ó kọjá mọ ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Ọmọ tí ó bá mọ Excel dé ibi tí ó lè ṣe ìwé owó ọjà, ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́, àwọn oníṣòwò Ọjà'ba pàápàá yóò wá a. Ìmeèlì rọrùn, ọ̀sẹ̀ kan ni. Kí ó ṣáà mọ bí a ṣe ń fi ìwé mọ́ ọn, kí ó má sì fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.

Kí ẹ tó san owó níbikíbi, ẹ lọ síbẹ̀ ní àkókò ẹ̀kọ́, kí ẹ má sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ ka kọ̀ǹpútà, ẹ ka ọmọ. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí kò bá sí iná. Ẹ ní kí ọmọ kan tí ó ti lo oṣù méjì táípù orúkọ yín àti àdírẹ́sì yín lójú yín, kí ẹ sì máa wo ìka rẹ̀. Ẹ san owó ní oṣù kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá gbà. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi sátífíkéètì hàn yín kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ hàn yín, ẹ mú ọmọ yín padà sílé.

Ọmọ mi tún padà lọ kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ìyá kan ní Bẹẹ̀rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba. Kọ̀ǹpútà méjì péré ni ìyá náà ní, kì í sì í gbà ju ọmọ mẹ́rin lọ. A máa fi aṣọ ìnura bo ọwọ́ wọn kí wọ́n má lè wo kíbọ́ọ̀dù. Kò fún ẹnikẹ́ni ní sátífíkéètì. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ọmọ náà ń táípù ojú ìwé kan láìwo ìka rẹ̀, ó sì ti wà ní ọdún kejì ND báyìí. Èmi tí mo ń mú un lọ ni mo dúró ti ìyá náà di ọmọ ilé ìwé karùn-ún, ó ní òun kò lè lé àgbà. Èmi fúnra mi ni mo táípù ẹ̀kọ́ yìí, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀, ọjọ́ méjì ni ó sì gbà mí.

Ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, a ó gbé kọ̀ǹpútà kan wá sí gbọ̀ngàn. Kí akápò jọ̀wọ́ mú ìwé owó oṣù ti ọdún yìí dání, a ó jọ tò ó sínú òpó.