Àṣẹ Tí Ó Yẹ Kí Ó Bá Fáìlì Rìn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ní ọdún 2022 ni a so kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ méjì pọ̀, ti Adéníran Ògúnsànyà ní Ìjànìkin àti ti Michael Otedola ní Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní server kan wà ní Ìjànìkin, òmíràn sì wà ní Ẹ̀pẹ́, tí a sì fẹ́ kí ìwé máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà bákan náà nínú méjèèjì. Kí ni ó yẹ kí a kíyèsí?

Nínú server Linux, fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó ni ín, ó ní ẹgbẹ́, àwọn yòókù sì jẹ́ ará ìta. Àṣẹ mẹ́ta ni a lè fún wọn: kíkà, tí iye rẹ̀ jẹ́ 4, kíkọ, 2, àti lílò bí iṣẹ́, 1. Nítorí náà 640 túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ni ín lè kà á, ó sì lè kọ ọ́. Ẹgbẹ́ lè kà á nìkan. Ará ìta kò ní ìpín níbẹ̀. Ní ti fódà, 1 yìí ni àṣẹ àtiwọlé.

Rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní ọdún 1996, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kó fáìlì láti server dé server. Bí a bá lo -r nìkan, fáìlì tí ó ti wà ní Ẹ̀pẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò di àṣẹ rẹ̀ àtijọ́ mú. Bí a bá ti yí i ní Ìjànìkin láti 644 sí 640, ti Ẹ̀pẹ́ yóò ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ará ìta. A ti ilẹ̀kùn iwájú, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àtúnṣe rẹ̀ ni -a, tí ń gbé àṣẹ pẹ̀lú fáìlì. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó ni fáìlì kì í bá a lọ àyàfi bí root bá ni ó ń gbà á. Orúkọ ni rsync sì fi ń wá ẹni náà. Bí kò bá rí i, yóò lo nọ́ḿbà rẹ̀, nọ́ḿbà náà sì lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Nítorí náà kí a kọ́kọ́ dá orúkọ àti ẹgbẹ́ kan náà sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Bí a kò bá fẹ́ fi agbára root lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí a lo:

rsync -a --no-o --no-g --chmod=D750,F640

kí a sì rí i pé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ni ẹni tí ń gbà á wà. Kí a tó ṣe é ní tòótọ́, kí a fi -n àti -i kún un, kí a lè rí ohun tí yóò yí padà.

Bí server bá kọ̀ fún wa, kí ìkánjú má ṣe mú wa kọ 777. Máàkì ọmọ ọlọ́mọ ni a fi sí ìkáwọ́ wa; ẹni tí ó bá sọ gbogbo ilẹ̀kùn di ṣíṣí kò lè sọ pé olè ni ó fọ́ ilé.

Ìbéèrè: Kí ni ẹgbẹ́ lè ṣe nínú fódà tí àṣẹ rẹ̀ jẹ́ 750?