Ọrọ̀ Tí Ń Bẹ Nínú Ìfun, Egungun àti Awọ Ẹja

Ẹ̀yin àgbẹ̀ arokobọ́dúndé, ẹ̀yin tí ẹ gbẹ́ adágún sí Gwagwalada, Kuje àti Bwari, tí ẹ ń fi àrọ̀ bọ́ olú ìlú Nàìjíríà, ẹni tó bá dúró ti àwọn tí ń fọ ẹja fún oníbàárà ní ọjà ẹja Kado yóò rí i pé, bí ọ̀bẹ bá ti la ikùn àrọ̀ báyìí, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá rẹ̀ a ṣubú sínú garawa, wọn a sì di ohun àdànù. Àwọn àgbà ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà; bẹ́ẹ̀ ni àwa náà kò mọ iyì ohun tí à ń dà nù. Nígbà tí a bá fẹ́ ẹran ẹja nìkan, tí a yọ orí, egungun, awọ àti ìfun kúrò, ohun tí a yọ lè ju ìdajì ìwúwo ẹja náà lọ.

Ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ìfun ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Epo inú rẹ̀ ní díẹ̀ nínú omega-3, èyí tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, tí ọpọlọ ọmọ inú oyún sì nílò. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́ fún ara wa, ẹja òkun bíi Títùsì ní in ju àrọ̀ adágún lọ, oúnjẹ tí ẹ bá sì fún àrọ̀ ló ń pinnu ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ yọ òróòro láìjẹ́ kó bẹ́, ẹ fọ ọ̀rá náà, ẹ bu omi sí i, kí ẹ sì gbé e ka iná tí kò le, títí epo yóò fi léfòó. Ẹ fi ṣíbí ré e, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ẹ rọ ọ́ kún ìgò dúdú dé ọrùn, nítorí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá pa ẹja gan-an ni kí ẹ ṣe é: oòrùn Àbújá kì í dúró de ìfun ẹja, àfi bí yìnyín bá wà.

Awọ àti egungun ní kọ́lájìnì tó so ẹran ara pọ̀. Bí ẹ bá rọra sè wọ́n, omi wọn a dì bí ẹ̀kọ nígbà tó bá tutù. Ní Fortaleza, ní Brazil, àwọn dókítà ti fi awọ epìyà tí wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀ wo ojú iná sàn. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi awọ tútù láti ọjà lé egbò, kí ẹ má sì ta epo yín bí oògùn láìjẹ́ pé NAFDAC fọwọ́ sí i.

Ní ti egungun, ẹ sè é, ẹ sá a, ẹ gún un kúnná, kí ẹ sì pò ó mọ́ oúnjẹ adìẹ. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ yóò mú èèpo ẹyin adìẹ le. Ìfun tí ẹ ti sè jinná náà ṣe é bọ́ adìẹ, ìwọ̀nba ni ṣá, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, ẹyin a máa rùn bí ẹja, oníbàárà a sì yàgò.