Owó Ọbẹ̀ Ń Jò: Ìkìlọ̀ fún Àwa Ará Ìjàgbó

Bí ẹ bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ọ̀fà wọ Ìjàgbó nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n di owó mọ́wọ́, tí ìyá wọn rán níṣẹ́. Ọ̀kan fẹ́ epo pupa. Elépo á ki ife bọnú bàsíà, á da epo sínú ọ̀rá, á fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, á ta á ní kókó, ọmọ á sì sáré gba ilé lọ. Ní ìwòyí ọ̀la, ọmọ yẹn náà ni yóò tún dé. Epo ọ̀rá kan, iyọ̀ ọ̀rá kan, mágì ẹyọ méjì, gàrí agolo kan. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń ra nǹkan fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìgbà tó yá ni mo mú ìwé tí ọmọ mi kò lò tán, mo ń kọ gbogbo ohun tí mo bá rà sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí oṣù parí tí mo ro ó pọ̀, ẹnu yà mí. Mo ti rò pé ẹran àti ẹja ló ń jẹ mí lówó. Àwọn ọ̀rá kéékèèké wọ̀nyẹn ni.

A kì í ṣe ọ̀lẹ, a kò sì ya àpà. Ọjà ló yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Nínú oṣù kẹfà tó tẹ̀ lé e, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ mọ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦460 kó tó di ìgbà náà kọjá ₦1,500 nígbà tó di 2024. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ tó ń ṣírò iye nǹkan fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju bó ṣe wà ní ọdún kan ṣáájú lọ. Ohun tí a rà ní ₦1,000 ti lé ní ₦1,400 nìyẹn. Oṣù keje ọdún yẹn náà ni owó oṣù tó kéré jù kúrò ní ₦30,000 tó sì di ₦70,000, ṣùgbọ́n ọjà ti ṣíwájú owó oṣù lọ tipẹ́. Àwọn nǹkan kan ti rọlẹ̀ díẹ̀ láti ìgbà náà. Wọn ò padà síbi tí wọ́n wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé tó ń dáná ní Ìjàgbó kọ́kọ́ dì mú nìyí: oúnjẹ méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan jẹ́ oúnjẹ dọ́là, èkejì jẹ́ oúnjẹ ọkọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àlìkámà tí a ń jẹ ní Nàìjíríà ló ń ti òkè òkun wọlé. Inú rẹ̀ ni búrẹ́dì, núdùsì, makarónì àti sèmó ti ń jáde. Púpọ̀ nínú ẹja yìnyín tí à ń gé ní kílò náà, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá. Bí dọ́là bá ti wọ́n, àwọn wọ̀nyí á wọ́n. Ànàmọ́, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, irú àti wàrà àwọn Fúlàní kò ní ohun tó pa wọ́n pọ̀ mọ́ dọ́là ju owó ọkọ̀ àti ajílẹ̀ lọ. Àwọn náà wọ́n, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìgbà tiwọn tí wọ́n máa ń pọ̀ jáde, tí owó wọn á sì wálẹ̀. Búrẹ́dì kò ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, ànàmọ́ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ilẹ̀ wa níbí ló ti ń hù. Ta ni kò mọ Ọ̀fà mọ́ ànàmọ́? Àwọn tó ń gba ọ̀nà yìí kọjá láti Ìbàdàn àti Èkó a máa dúró rà á sínú ọkọ̀. Ìyà ibẹ̀ ni pé àwa tí a ni ín là ń pè é ní oúnjẹ tálákà. Àlejò á dé, a ó rán ọmọ lọ ra núdùsì, nígbà tí ànàmọ́ wà nínú agbọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èyí dùn mí. Oṣù mẹ́ta sí márùn-ún péré ni ànàmọ́ ń lò nínú ilẹ̀, kò béèrè ajílẹ̀ púpọ̀, ewé rẹ̀ pàápàá ṣeé jẹ bí ẹ̀fọ́. A lè bọ̀ ọ́, a lè dín in, a lè fi se àsáró, a lè bọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ iṣu kí a gún un. Àwọn tó ń ṣe kúnú mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń mú kúnú dùn láìfi ṣúgà sí i. Nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà, ẹ rà á pọ̀, ẹ bó o, ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ sá a sórí ohun tó mọ́ kó gbẹ kó máa dún pàkàpàkà, kí ẹ lọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun yẹn dára láti pò mọ́ èlùbọ́ iṣu. Ọmọ tó bá jẹ ànàmọ́ bíbọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà láàárọ̀, ebi kì í tètè pa á nílé ìwé bí ẹni tó jẹ búrẹ́dì lásán.

Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi àtàǹpàkò nu iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Inú irú rẹ̀ a máa dúdú, a máa korò, ìkorò yẹn sì jẹ́ májèlé tí iná kì í pa. Èyí tí wọ́n kó sọ́tọ̀ tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó, ibẹ̀ ni ẹ ti máa ń bá a.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rá epo. Ká ní obìnrin kan ń ra epo ₦300 lóòjọ́. Lọ́gbọ̀n ọjọ́, ó ti di ₦9,000. Bí àwọn mẹ́rin tó jọ ń gbé àdúgbò kan bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ₦36,000 ni, ọ̀rá ọgọ́fà sì ni wọ́n tú. Kí àwọn mẹ́rin yìí kó owó náà jọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbé e lọ bá àwọn tó ń ta epo ní kẹ́ẹ̀gì lọ́jà Òwòdé ní Ọ̀fà, kí wọ́n béèrè iye lítà tí yóò gbé. Kí wọ́n wá wọn epo inú ọ̀rá ọgọ́fà wò. Èrè elépo wà nínú ọ̀rá yẹn, owó ọ̀rá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, owó ẹsẹ̀ ọmọ náà wà níbẹ̀. N kò bá elépo jà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni yóò máa ra epo tó wọ́n jù.

Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọkọ tó ń ka ₦2,000 lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ láràárọ̀ ti fi tipátipá sọ ọ́ di oníbàárà ọ̀rá. Obìnrin náà kò lè ra kóńgò ẹ̀wà kan ní kíkún, kò lè ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó bá pọ̀, kò lè dúró de ọjọ́ ọjà. Àkókò á dé tí ọkọ á ní ìyàwó òun ń ná owó nínàákúnàá. Kì í ṣe obìnrin náà ló ń ná an, bí owó ṣe ń wọlé dé ọwọ́ rẹ̀ ni. ₦14,000 tí a fún un lọ́jọ́ Àìkú kan ṣoṣo á ra ohun tí ₦2,000 lọ́nà méje kò lè rà. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ lójoojúmọ́ kò rí owó ọ̀sẹ̀ kó sílẹ̀. Kí irú wọn máa yọ díẹ̀díẹ̀ sínú kóló, kó di ọjọ́ ọjà.

Nípa àjọ oúnjẹ, mo ní ìkìlọ̀. Lọ́dọọdún, bí Kérésì tàbí Iléyá bá ń bọ̀, àwọn kan a máa kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin láti oṣù kìíní pé àwọn yóò pín ìrẹsì, òróró àti adìyẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi pé ọjọ́ pínpín pé, a kò rí ẹni tó kó owó. Ẹ má ṣe dá owó oúnjẹ ọdún kan sọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ lè rí ara yín láràárọ̀ ti tó. Ẹ kó owó lónìí, ẹ rà á lọ́la, ẹ pín in kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ mú kóńgò tiyín dání. Àwọn kan ti fi òòlù gbá ìdí kóńgò wọn wọnú, débi pé bí wọ́n tilẹ̀ rọ ọ́ kún tó gọ̀gọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pé. Ẹ kì í rí i láti òkè. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìdí rẹ̀ lábẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n. Kì í ṣe ìjà, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi tèmi wọ̀n ọ́n."

Nílé ìdáná, gáàsì àti èédú náà ń jẹ owó. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi fún wákàtí mélòó kan, ẹ da omi náà nù, yóò tètè jinná. Ẹ má fi kánún púpọ̀ sí i nítorí àtijinná kíá, ó máa ń ba ohun tó ń ṣara lóore nínú ẹ̀wà jẹ́. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irú tó jóòótọ́ lè ṣe iṣẹ́ mágì mẹ́ta, ó sì ṣara lóore jù ú lọ. Ewédú, ṣọkọ àti ata kò béèrè ju bàsíà tó ti ya àti iyẹ̀pẹ̀ lọ lẹ́yìn ilé.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni mo fi sẹ́yìn. Nígbà tí ọwọ́ bá há, ohun tó bá ṣáà ti pọ́ọ́kú lojú ń lọ. Mo ra ẹ̀wà kan lọ́dún tó kọjá, ó funfun, ó mọ́, kò ní kòkòrò kan, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àwọn yòókù. Nígbà tí mo tú u sínú àtẹ, òórùn kan gba imú mi, òórùn òtapíápíá. Mo gbé e padà, ẹni tó tà á fún mi ní kí n kàn ṣàn án dáadáa. N kò se é. Oògùn apakòkòrò dichlorvos, tó wà nínú Sniper, làwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Nítorí rẹ̀ ni àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ṣòfin ní oṣù kẹfà ọdún 2015 pé kí ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà má wọ ilẹ̀ wọn mọ́. Ní 2019, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa Sniper inú ìgò kékeré 100 ml ní gbangba ọjà. Síbẹ̀, ó ṣì wà nínú ẹ̀wà àwọn kan.

Ẹ̀wà tí kòkòrò wà lára rẹ̀ díẹ̀ sàn ju èyí tí kòkòrò sá fún lọ. Bí ẹ bá rà á pọ̀, ẹ sá a sóòrùn, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ, kó kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú láìsí oògùn kankan. Ìlànà yìí kan náà ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, tí wọ́n fi ń kó ẹ̀wà pamọ́, ń tẹ̀ lé.

Ẹ̀wà nìkan kọ́, ẹ ṣọ́ra fún epo tó pọ́n jù tó ń pa ọwọ́ láró náà. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa aró tí wọ́n ń pò mọ́ epo pupa. Èlùbọ́, àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti bu tàbí tó ń rùn fùkẹ̀, ẹ má rà á, ẹ má sì sọ pé iná yóò pa á. Májèlé tó wà nínú èbu yẹn kì í kú sínú omi híhó, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ń bà jẹ́.

Bí ẹ bá ti ra ẹ̀wà tó ń rùn bí òtapíápíá, ẹ gbà pé owó yẹn ti lọ. Ẹ má se é, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì dà á sílẹ̀ fún adìyẹ.